Ibùsùn Lókè, Ọjà Nísàlẹ̀: Wíwọ̀ sí Òtẹ́ẹ̀lì ní Salvador

Bí ẹ bá ń múra àtilọ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, àwòrán ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn yín: ilé pupa, ilé ofeefee, ilé aláwọ̀ ewé, ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run, gbogbo wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sẹ́bàá ọ̀nà olókúta lórí òkè. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ti di òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pousada. Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀dà ara ògiri kọ́ ló yẹ kí ẹ fi yan ibi tí ẹ máa sùn. Ohun méjì ni kí ẹ wò: òkè tó wà láàárín yín àti ọjà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú pópó lálẹ́. Ẹni tó bá ti yanjú méjèèjì, yóò jẹun dáadáa, yóò sì sùn dáadáa.

Bí ìlú náà ṣe tò

Tomé de Sousa ló tẹ Salvador dó lórúkọ ọba Pọ̀túgàl ní 1549. Ibẹ̀ ni olú-ìlú Bùràsíìlì títí di 1763, kí wọ́n tó gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Orí òkè ni àwọn Pọtogí kọ́ ilé ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọlọ́rọ̀ sí, kí ọ̀tá tó bá gba ojú òkun wá má baà tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Etí omi nísàlẹ̀ ni wọ́n fi èbúté àti ilé ìkẹ́rù sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lónìí. Cidade Alta ni wọ́n ń pe ìlú òkè, Cidade Baixa ni ti ìsàlẹ̀. Òkè ni òtẹ́ẹ̀lì aláràbarà wà, ìsàlẹ̀ ni ọjà oúnjẹ wà.

Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣí ní 1873, ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 72, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń gbéni dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ orí irin kékeré méjì tún wà tí okùn irin ń fà gun ẹ̀gbẹ́ òkè: Plano Inclinado Gonçalves lẹ́yìn kàtídírà, àti Plano Inclinado do Pilar ní apá Santo Antônio. Wọ́n máa ń tì wọ́n fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yín léèrè kí ẹ tó gbára lé wọn.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Bí ẹ bá ti jáde nínú Elevador Lacerda nísàlẹ̀, ilé ńlá kan ló máa kọjú sí yín, Mercado Modelo, tó jẹ́ ilé kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1861. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rò pé òun ni ọjà oúnjẹ. Rárá o. Ìlẹ̀kẹ̀, ìlù, aṣọ léèsì àti ẹ̀bùn fún ará ilé ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé oúnjẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibi tí ìyàwó ilé àti alákàrà ti ń ra èlò ni Feira de São Joaquim, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí àárín Pelourinho, létí omi.

Àdúgbò mẹ́ta tí ẹ lè sùn

Pelourinho ni ilé aláràbarà pọ̀ sí jù. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Gbàgede rẹ̀ ni wọ́n ti ń na àwọn ẹrú ní pàṣán lójú gbogbo ayé nígbà ìjọba amúnisìn. Nígbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ kó kúrò, àwọn ilé náà di ti aláìní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ní 1992 ni ìjọba Bahia bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá: wọ́n tún ògiri ṣe, wọ́n kun wọ́n ní ọ̀dà tó ń dán, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wá iyàrá nìyí: òfin ló ń dáàbò bo ojú ilé, ṣùgbọ́n inú ilé, bí agbára onílé bá ṣe mọ ni. Òtẹ́ẹ̀lì méjì lè jọra lójú pópó, kí iyàrá ọ̀kan gba atẹ́gùn dáadáa, kí ti èkejì má sì ní fèrèsé rárá. Ìlù ni nǹkan kejì. Àdúgbò yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ onílù Olodum sílẹ̀ ní 1979, alẹ́ Ìṣẹ́gun sì máa ń gbóná níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ìlù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó sùn ní Pelourinho. Ẹni tó fẹ́ oorun, kó bèèrè iyàrá ẹ̀yìn tàbí kó lọ síwájú.

Síwájú yẹn ni Santo Antônio Além do Carmo. Ẹ gun Ladeira do Carmo láti Pelourinho, ìrìn díẹ̀ ni. Irú ilé kan náà ló wà níbẹ̀, àmọ́ èrò kò pọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń gbé ibẹ̀: ẹ ó rí ìyá àgbà lójú fèrèsé àti ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ilé tó wà ní ọwọ́ òsì bí ẹ bá ń ti Pelourinho bọ̀ kọ ẹ̀yìn sí Baía de Todos os Santos, ìyẹn òkun inú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, bákónì wọn sì ń wo omi. Fún ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà láàárọ̀ kó sì sinmi lọ́sàn-án, ibí yìí ló dára jù lọ.

Rua Chile àti Praça Castro Alves ni ìkẹta. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ló wà níbẹ̀ nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe: Fera Palace nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1934, àti Fasano níbi tó jẹ́ ilé ìwé ìròyìn A Tarde tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú wọn, odò ìwẹ̀ wà lókè, owó wọn náà sì ga. Wọ́n sún mọ́ Elevador Lacerda, àmọ́ ojú pópó ibẹ̀ máa ń dá páropáro lálẹ́.

Barra, níbi tí etíkun wà, jìnnà sí ọjà. Ẹni tí òkun ló bá wá nìkan ni kó wọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bèèrè kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ kọ ìwé sí òtẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, ojú pópó ni iyàrá kọjú sí ni, àbí ẹ̀yìn? Ṣé ó ní fèrèsé tó ṣí sí ìta?

Èkejì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mélòó ni ẹ máa gùn? Òfin ogún àtijọ́ kì í sábà jẹ́ kí wọ́n ki ẹ̀rọ agbéniròkè bọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí bàbá tàbí ìyá àgbàlagbà bá bá yín lọ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní iyàrá ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, ṣé ọkọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà? Wọ́n ti àwọn ọ̀nà kan pa mọ́ ọkọ̀ ní Pelourinho. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ń fọ́ táyà àpótí, nítorí náà báàgì tí ẹ lè gbé kọ́ èjìká dára jù.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà, àbí fáànù nìkan? Ògiri àtijọ́ nípọn, ó ń tutù, ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, fáànù lè má tó yín.

Ẹ̀karùn-ún, iná mànàmáná. Fóòtì 127 ni iná Salvador, kò tó ti Nàìjíríà. Ṣájà fóònù àti kọ̀ǹpútà ń gba iná méjèèjì. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun tí ẹ gbé láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò ní gbóná tó. Ihò iná wọn máa ń gba ẹsẹ̀ roboto mẹ́ta, kò gba onígun mẹ́rin tiwa. Ẹ ra adáábítọ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ẹ̀kẹfà, ṣé ẹ lè dáná níbẹ̀? Púpọ̀ nínú pousada kò gbà á, nítorí òórùn epo kì í tètè kúrò lára aṣọ fèrèsé. Bó bá jẹ́ pé nítorí ọjà lẹ ṣe ń lọ, tí ẹ sì fẹ́ fọwọ́ ara yín se nǹkan, ẹ gba ibi tó ní ilé ìdáná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń fẹ́ físà. Ti Bìrìtìkó kò fẹ́ ẹ fún àbẹ̀wò kúkúrú. Ti Amẹ́ríkà ti ń fẹ́ ẹ láti oṣù Kẹrin 2025. Ẹ mú káàdì ibà pọ́njú dání, nítorí wọn yóò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá padà dé Nàìjíríà. Wákàtí mẹ́rin ni aago Salvador fi wà lẹ́yìn ti Èkó.

Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 28 láti pápákọ̀ òfuurufú dé àárín ìlú. Ọkọ̀ ojú irin ìlú wà, bọ́ọ̀sì kan ló sì ń gbé èrò dé ibùdókọ̀ rẹ̀. Campo da Pólvora ni ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tàbí tí ẹrù bá pọ̀, ẹ fi fóònù pe ọkọ̀ Uber tàbí 99 dípò kí ẹ máa wá ibùdókọ̀. Owó wọn ni reais. Káàdì ń ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀, àmọ́ ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ fún ọjà.

Ohun kan lè ya yín lẹ́nu nínú ilé ìwẹ̀: apẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń ju ìwé ìnùdí sí, wọn kì í dà á sínú omi. Páìpù àtijọ́ kò lè gbé e.

Owó oúnjẹ àárọ̀ sábà máa ń wà nínú owó iyàrá. Ẹ ó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè níbẹ̀, pákí sísè, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sítáàṣì pákí yan tí wọ́n ń pè ní beiju, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ooru sè, wàràkàṣì yíyan, máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti kọfí. Ọmọ Yorùbá kò ní pebi níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀.

Ọjà São Joaquim

Ọjà Água de Meninos ló wà nítòsí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná jó o ní 1964, àwọn ọlọ́jà sì kó ìsọ̀ wọn wá síbi tó wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Itaparica. Òun ni ọjà gbangba tó tóbi jù ní Salvador.

Ẹ débẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Àbámẹ́ta ló kún jù. Ọ̀sán Àìkú, ọjà ti ń tú. Ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀ láti Santo Antônio, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ilẹ̀ máa ń tutù fún omi ẹja. Àwọn alábàárù tó ń ti ọmọlanke kì í dúró de àlejò: bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bojú wẹ̀yìn.

Kí lẹ ó rí? Epo pupa nínú ìgò àti gálọ́ọ̀nù. Edé gbígbẹ lókìtì-lókìtì, kéékèèké àti ńlá. Ilá, ẹ̀pà, kajú, àgbọn, ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní malagueta, tó ń ta ju bó ṣe rí lọ. Gàárì wọn, farinha, pọ̀ ní oríṣiríṣi, láti èyí tó kúnná dé èyí tó rí wóróworo, funfun àti ofeefee. Kì í kan bíi gàárì Ìjẹ̀bú. Orí ẹ̀wà àti ẹran ni wọ́n ń bu ú sí. Wọ́n máa ń jẹ́ kí oníbàárà fi díẹ̀ sẹ́nu kó tó rà, nítorí náà ẹ má tijú. Ìkòkò àti abọ́ amọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti Maragogipinho, abúlé àwọn amọ̀kòkò. Ìkòkò kékeré kan ni ẹ̀bùn tó dára jù tí ẹ lè gbé padà sílé, bí ẹ bá fi aṣọ dì í dáadáa.

Ẹ máa ná ọjà, àmọ́ kí ẹ ná a pẹ̀lú ẹ̀rín. Owó kì í já wálẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ra ju ẹyọ kan lọ ló ń rí ẹ̀dínwó tàbí èènì gbà. Pọtogí ni wọ́n ń sọ. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ni kí ẹ tó bèèrè iye: “bom dia” láàárọ̀, “boa tarde” lọ́sàn-án. Ẹni tó bá bèèrè iye owó láìkíni, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà á sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á sí nílé.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó dé ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà. Obì, orógbó, ataare, ẹfun, ọṣẹ dúdú, owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà, ewé tútù, àdìyẹ àti ewúrẹ́ tó wà láàyè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń rà wọ́n ń palẹ̀ ètùtù àti ọdún ilé òrìṣà mọ́ ni. Ẹ má ya fọ́tò wọn láìtọrọ àyè, ẹ má sì fọwọ́ kan igbá ẹni tó ti dì í. Bí ẹ bá sọ pé Yorùbá ni yín láti Nàìjíríà, inú wọn á dùn, wọ́n sì lè dá yín dúró pẹ́, nítorí Nagô ni wọ́n ń pe àwọn baba ńlá wọn tó wá láti ilẹ̀ wa. Ẹ fún wọn láyè, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olùkọ́ fún wọn nípa òrìṣà tí wọ́n ti ń bọ láti ìran dé ìran.

Àkàrà, abará àti ìbéèrè ata

Ọ̀sán sí alẹ́ ni àwọn ìyá alákàrà máa ń gbé agbada wọn jókòó, ní Terreiro de Jesus, ní Pelourinho àti ní àdúgbò Rio Vermelho. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ wọn mọ́ ogún orílẹ̀-èdè ní 2005. Ẹ̀wà lílọ̀ àti àlùbọ́sà ni acarajé wọn, epo pupa gbígbóná ni wọ́n ń fi dín in. Ó tóbi ju àkàrà tiwa lọ. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á wá ki edé, caruru tí wọ́n fi ilá sè, àti vatapá, ọbẹ̀ wọn tó ki, bọ inú rẹ̀. Abará ni irú ẹ̀wà kan náà tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì sè bí ọ̀lẹ̀.

Bí ìyá náà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ “quente”, kì í ṣe gbígbóná oúnjẹ ló ń bèèrè. Ata ni. Ẹ sọ pé díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, kajú tàbí edé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, nítorí gbogbo wọn ló wà nínú vatapá. Ibi tí èrò tò sí tí àkàrà sì ń jáde látinú epo lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí ẹ ti rà á, ẹ má ra èyí tó ti jókòó sínú àwo.

Ilé òrìṣà àti ṣọ́ọ̀ṣì

Òtẹ́ẹ̀lì máa ń bá àlejò ṣètò ìbẹ̀wò sí ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà wọn níbẹ̀. Casa Branca, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò ní 1984, àti Ilê Axé Opô Afonjá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Ilé ìjọsìn ni wọ́n. Aṣọ funfun tàbí aṣọ tí kò dúdú ni kí ẹ wọ̀, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn yín. Ọkùnrin àti obìnrin kì í sábà jókòó pọ̀.

Ní Pelourinho, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ń jẹ́ Nossa Senhora do Rosário dos Pretos ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ àwọn èèyàn dúdú ló kọ́ ọ láyé ẹrú, ìlù sì máa ń wà nínú ìsìn ọjọ́ náà. Ní ti São Francisco, ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà, àjà rẹ̀ wó ní oṣù Kejì 2025, ẹnì kan sì kú. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣí i kí ẹ tó lọ.

Ààbò

Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú òkè àti ìsàlẹ̀ gba Ladeira da Montanha, ì báà jẹ́ ọ̀sán. Elevador tàbí ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Àdúgbò Comércio nísàlẹ̀ máa ń dá lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní Pelourinho, ojú pópó tí èrò àti ọlọ́pàá wà ni kí ẹ máa rìn. Ẹ fi wúrà ọrùn àti ìwé ìrìnnà sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé ẹ̀dà ìwé náà dání, kí ẹ má sì di fóònù mú lọ́wọ́ bí ẹ bá ń rìn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Òjò pọ̀ jù láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, owó iyàrá sì máa ń wálẹ̀ nígbà náà. Oṣù Kìíní ni wọ́n ń fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, gbogbo ìlú a sì wọ funfun. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni ọdún Yemọja ní Rio Vermelho. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń se ilá fún ìbejì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ni ti Santa Bárbara, tí àwọn olóòṣà kà sí ọjọ́ Ọya. Pupa àti funfun ni aṣọ ọjọ́ náà, wọ́n a sì pín caruru ní ọjà Santa Bárbara ní Baixa dos Sapateiros, lẹ́sẹ̀ òkè Pelourinho. Nígbà Carnaval, owó iyàrá a máa fò sókè, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í sì í gbà kí èèyàn sùn fún alẹ́ kan tàbí méjì péré. Ẹ gba iyàrá ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, tàbí kí ẹ yẹ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò ju èyí lọ: ẹ sùn ní Santo Antônio, ẹ gba iyàrá tó kọjú sí omi, ẹ lọ sọ́jà ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì jẹ àkàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń dín in kí ẹ tó wọ ilé oúnjẹ ńlá kankan. Ọwọ́ àwọn ọlọ́jà yìí ni oúnjẹ àwọn baba ńlá wa fi wà láàyè ní Bahia. Owó tí ẹ bá ná lọ́dọ̀ wọn kò ṣòfò.